Mo Ṣèlérí Ìlú, N Kò Ṣèlérí Oṣù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹnu ara mi jẹ́wọ́, kí Ṣàkírátù ọ̀rẹ́ mi má baà bá mi jẹ́wọ́ ọ̀hún níta. Èmi Eunice, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ìyá ìjọ ní Èsìẹ́, èmi ni mo sọ ẹ̀gẹ́ lu ọkọ ọmọ-ọmọ mi lórí lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fojú kan ara wa. Kì í ṣe ẹ̀gẹ́ gbígbẹ o. Ẹ̀gẹ́ fùfú ni, èyí tó ti wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin, tí òórùn rẹ̀ lè lé àlejò padà lẹ́nu ọ̀nà.

Oṣù kẹfà ni. Èmi àti Àràmídé lọ fọ ẹ̀gẹ́ létí omi nísàlẹ̀ dáàmù, lójú ọ̀nà Òmù-Àrán. Àràmídé ni ọmọ tí Jòhánù ọmọ mi fi ṣe àkọ́bí. Tíṣà jọ́gíráfì ni, òpin ọ̀sẹ̀ ló fi wá bá mi ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sínú omi, mo kọ ìdí sí ojú ọ̀run, ni omi iwájú mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìkòkò ẹ̀kọ. Orí kan yọ. Ó dúdú, ó ń dán, kò ní irun. Ojú kan ṣoṣo ló ní, gíláàsì sì ni ojú náà. Nǹkan gígùn kan ti ẹnu rẹ̀ jáde bí ọwọ́jà erin.

"Yéè! Jésù Ọmọ Dáfídì!"

Ìró mi tú. Dípò kí n gbá ìró mú, ẹ̀gẹ́ ni mo gbá mú. Mo jù ú, gbàì! Ó bà á níwájú orí.

Nǹkan náà dìde dúró. Ó ṣí ojú gíláàsì kúrò, ó yọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, ni ojú ọmọkùnrin kan bá yọ, tó mọ́ bí ojú ẹni tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn. Ó mú ẹ̀gẹ́ mi tó ń léfòó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó wá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ nínú omi.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ̀gẹ́ yín ti rọ̀ dáadáa. Fùfú rẹ̀ á dùn."

Àràmídé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú agbada ẹ̀gẹ́. Ọmọkùnrin yìí gbàgbé èmi tí mo wà ní ìhòòhò ààbọ̀, òun ló ń wò.

"Kí lo ń wá lábẹ́ omi?" Àràmídé bi í, omi ẹ̀rín lójú.

"Páìpù tó ń gbé omi lọ sílùú. Pàǹtí ló dí i. Mi ò mọ̀ pé màá rí ohun mìíràn."

"Ohun wo?"

"Ẹni tó máa ń jókòó sínú ẹ̀gẹ́ rẹ́rìn-ín."

Olúwatìmílẹ́yìn ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Òkè-Ọdẹ. Ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ yìí. Èyí tí n kò fojú rí, wọ́n sọ ọ́ fún mi. Èyí tí wọn ò sì sọ, èmi náà ti ṣe ọmọge rí, mo mọ ibi tí ọwọ́ máa ń wà tí ẹnu bá dákẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó gun ọ̀kadà dé ilé wa, ẹrẹ̀ ọ̀nà Òkè-Ọdẹ dé orúnkún rẹ̀. Agbọ̀n tuntun ló gbé wá, torí èyí tí mo jù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ti bómi lọ. Ó tún wá ní Sátidé kejì láìgbé agbọ̀n kankan wá. Lọ́jọ́ yẹn ni Jòhánù bi mí pé iṣẹ́ kí ni ọmọkùnrin náà ń ṣe.

Ibí ni mo tún ti gọ̀. Mi ò sọ pé ó ń tún páìpù ṣe. Mo ní, "Ó ń mòòkùn ni."

Ṣàkírátù wà lẹ́yìn ògiri ilé kejì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Obìnrin yìí ò lè gbọ́ ìlàjì òwe kó má parí rẹ̀. Ó ké láti ibẹ̀: "Mòòkùn jalè! Bí ọba ayé ò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́!"

Kí oòrùn tó wọ̀, àdúgbò ti gbọ́ pé olè ló ń fẹ́ Àràmídé. Nígbà tí Tìmílẹ́yìn tún yọ ní ìgboro wa, ìyá kan kó adìẹ rẹ̀ wọlé. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, adìẹ wo ni mo fẹ́ rí jí lábẹ́ omi?"

Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Jòhánù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ méjì ni mo bí lọ́kùnrin. Àbúrò rẹ̀ ni Aaron, tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ju gbogbo ọmọ Èsìẹ́ lọ. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí Aaron bọ́ sódò kan lọ́jọ́ tí odò ń kún, kò sì jáde mọ́. Jòhánù wà létí odò, ó ń mú aṣọ rẹ̀ dání fún un. Láti ọjọ́ náà kò tẹ ẹsẹ̀ bọ odò mọ́, kò sì pe orúkọ Aaron. Èmi ń rẹ́rìn-ín nítorí pé bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, èmi náà ì bá ti lọ.

Àwọn ọmọ kò mọ gbogbo èyí, ìfẹ́ wọn ń ta gbòǹgbò. Àràmídé mú un lọ wo àwọn ère òkúta wa nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́. Ó mú fóònù jáde níwájú wọn, ó fi àwòrán kan hàn án: ère òkúta mìíràn, nísàlẹ̀ òkun, ní erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Grẹ̀nédà. Ọmọdé òkúta ni wọ́n, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ṣe òbìrí, ẹja sì ń gba àárín wọn kọjá.

"Láti kékeré ni mo ti ń wo tiwa ní gbígbẹ," ni Àràmídé wí. "Mo fẹ́ rí àwọn tó wà nínú omi kí n tó kú."

"Kí o tó kú kẹ̀? Kí o tó bímọ ni. Tíṣà mi, màá mú ọ lọ."

"Ṣé o ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí."

Tìmílẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní mímòòkùn. Ní Ìlọrin ló ti kọ́kọ́ kọ́ ọ, nínú omi ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ẹnu mí láti inú agolo afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn, àti bí a ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnu ò bá ráyè. Àràmídé wá ń fi ọwọ́ bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka ṣe òbìrí sí mi, mo rò pé ó ń bú mi ni. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan dára.

Nígbà tí oṣù keje ń parí lọ, iléeṣẹ́ tí Tìmílẹ́yìn ń bá ṣiṣẹ́ fi í ṣe òṣìṣẹ́ tó tayọ. Wọ́n ní kó mú ẹnì kan dání, kó yan ibi tó bá fẹ́ nínú àwọn òkun olóoru márùn-ún, wọ́n á kọ́ wọn ní mímòòkùn níbẹ̀ fún ọjọ́ méje. Bó bá gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, òun náà á di olùkọ́, kò ní máa ti dáàmù kan bọ́ sí òmíràn mọ́. Kìkì pé wọ́n gbọ́dọ̀ lọ kí oṣù kẹsàn-án tó tán. Tìmílẹ́yìn kò sì fẹ́ mú ọmọ ọlọ́mọ lọ bí ọ̀rẹ́. Ìyàwó ló fẹ́ fi í ṣe. Gbogbo rẹ̀ di ọwọ́ Jòhánù.

Mo pe ọmọ náà sẹ́yìn ilé, mo fún un ní ìmọ̀ràn àgbà. Ìmọ̀ràn àgbà! Ẹ ṣáà máa gbọ́.

"Ohunkóhun tí Àràmídé bá wí níwájú bàbá rẹ̀, ìwọ ṣáà ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí bàbá bá rí i pé ohùn yín ṣọ̀kan, o ti gbé ìyàwó lọ."

"Bó bá ní iná lòun fẹ́ wọ̀ ńkọ́, Ìyá?"

"Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí o wá máa wá omi."

Ó wò mí, ó wá gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Ó yẹ kí n ti fura.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ó wá, lẹ́yìn ìsìn. Òjò ń lu páànù débi pé à ń pariwo bára wa sọ̀rọ̀. Sarah, ìyá Àràmídé, gbé iyán iṣu tuntun kalẹ̀, kò sẹ́ni tó bù ú. Jòhánù tẹ́ máàpù àgbáyé Àràmídé sórí tábìlì, ó fi ìka tí iyẹ̀pẹ̀ ebè kò kúrò nínú èékánná rẹ̀ gbá a.

"Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ," ó ní. "Mo fi ojú mi rí i. Ìwọ fẹ́ gbé ọmọ mi wọ inú òkun nínú àsìkò òjò àti ìjì báyìí. Èmi, kí n tó gbin iṣu, mo ní láti mọ ibi tí àgbàrá ń gbà. Sọ fún mi, ibo lẹ ń lọ? Kí sì nìdí?"

"Grẹ̀nédà ni, Bàbá," Àràmídé yára dáhùn. "A ti fẹnu kò."

Mo ṣẹ́jú sí Tìmílẹ́yìn pé kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣẹ́jú títí ojú fi ń ro mí.

"Kì í ṣe Grẹ̀nédà, Bàbá," ni Tìmílẹ́yìn wí.

Àràmídé yí ojú sí i.

"Láti oṣù kẹfà dé oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣọ́ ìjì lápá ibẹ̀, inú oṣù kẹsàn-án yìí gan-an ló sì máa ń gbóná jù. Ìjì tiwa ń ṣí páànù lórí ilé. Tiwọn lè ṣí ilé kúrò lábẹ́ páànù."

Jòhánù sún ìka. "Fílípìnì tí wọ́n kọ síbí ńkọ́?"

"Àsìkò ìjì ni fún àwọn náà, Bàbá."

"Málídífù?"

"Afẹ́fẹ́ àti òjò ń da omi ibẹ̀ láàmú lásìkò yìí. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe lè lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lè má rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀."

"Òkun Pupa, ní Íjíbítì?"

"Ìyẹn dára, Bàbá, ìjì ò dààmú wọn níbẹ̀..."

"Fáráò wọ ọ́," mo sọ sí i, "kò jáde."

Jòhánù mi orí. "Yọ ọ́ kúrò."

Tìmílẹ́yìn gbé ìka lé apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ adúláwọ̀ wa, lórí ohun kékeré kan bí èérún gààrí. "Ó ku Sànsíbà. Nígbà tí òjò bá ń pa wá níbí, ẹ̀ẹ̀rùn ni lọ́dọ̀ wọn. Òjò ńlá tiwọn ti lọ láti oṣù karùn-ún. Afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù wá máa ń rọlẹ̀ tó bá di oṣù kẹsàn-án, omi á sì mọ́. Ibẹ̀ ni mo yàn."

"Ibẹ̀ ni kànáfùrù ti ń wá!" mo ké. "Ẹ bá mi rà á bọ̀, eyín mi..."

"Màámá àgbà, ẹ jọ̀ọ́." Àràmídé ti dìde. Ó kọjú sí Tìmílẹ́yìn. "Tìmí, o ṣèlérí fún mi. Níwájú àwọn ère òkúta lo ti ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí ìlú, n kò ṣèlérí oṣù."

"Ẹ̀rù ló ń bà ọ́. O fẹ́ dùn létí bàbá mi ni."

"Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́, olólùfẹ́ mi. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òun ni mò ń mú dání tí mo bá ń wọ omi."

Àràmídé wọnú òjò lọ láìmú agboòrùn. Tìmílẹ́yìn kí wa, ó gun ọ̀kadà rẹ̀. Jòhánù ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé rárá. Ó kàn jókòó, ó gbé ìka tirẹ̀ lé èérún gààrí yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Àràmídé ò gbé fóònù rẹ̀. Ó wú lójú bí ẹni tí oyin ta. Lọ́jọ́ kan tí à ń bó ẹ̀gẹ́, ara mi ò gbà á mọ́.

"Èmi ni kí o bínú sí. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ohunkóhun tí o bá wí, kó ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ọ̀bẹ. "Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Pé ìyẹn ni bàbá mi fi máa gbà?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kò sì gbọ́?"

"Kò gbọ́, olórí kunkun."

Ó bó ẹ̀gẹ́ kan náà títí tí ẹ̀gẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí oṣù kẹjọ dá sí méjì, Jòhánù fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èmi àti Àràmídé lọ sí Òmù-Àrán, ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ lọ̀ wà nínú búùtù. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ dáàmù, a rí èrò tó pé jọ. Oòrùn mú, ojú ọ̀run mọ́ rekete. Ọ̀gá iṣẹ́ kan tó wọ akoto ń pariwo pé páìpù tún ti dí, pé ìlú ò rí omi mu. Tìmílẹ́yìn jókòó létí omi, aṣọ rọ́bà rẹ̀ wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísun.

"Wọ omi!" ni ọ̀gá wí. "Ṣé òjò ń rọ̀ ni?"

"Kò rọ̀ níbí, ọ̀gá. Ẹ wo àwọ̀ omi. Láàárọ̀ ó dà bí omi ìrẹsì. Ní báyìí ó ti dà bí ẹ̀kọ ọkà bàbà. Òjò ti rọ̀ lókè odò."

"Ojo ni ọ́!"

"Ojo ni mí, ọ̀gá. Ojo tó mọ òjò ni mí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àràmídé ò rẹ́rìn-ín. Jòhánù ti pa ọkọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó rìn títí dé ibi tí kò dé láti ọgbọ̀n ọdún, etí omi gan-an.

Tìmílẹ́yìn ò tíì jẹ àgbàdo kejì tán tí a fi gbọ́ ariwo. Omi pupa ya wọlé láti òkè, ó gbé odindi igi ìrókò kan dání, tewétewé, tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Igi náà lọ sọ ara rẹ̀ mọ́ irin ẹnu páìpù, gbàmù, níbi tí Tìmílẹ́yìn ì bá wà. Irin náà tẹ̀ kọdọrọ. Ọ̀gá ṣí akoto rẹ̀, ó fi í sí àyà.

Jòhánù jókòó sórí koríko tútù, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé kí o má wọ̀ ọ́?"

"Odò ni, Bàbá. Mo bi í léèrè, ó ní rárá. Tó bá dọ̀la, màá tún bi í."

Jòhánù wo omi náà títí. "Aaron ò bi í," ó ní.

Ọgbọ̀n ọdún! Mo di igi mú. Orúkọ ọmọ mi jáde lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni tó jí lójú oorun.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ gbì. Àràmídé ti ṣí búùtù, ó mú ẹ̀gẹ́ mi, ó sọ ọ́ lu ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn. Tìmílẹ́yìn yí padà. Ó mú ẹ̀gẹ́ náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Èyí ò tíì rọ̀," ó ní.

"Ẹni tó jù ú ti rọ̀." Omijé wà lójú Àràmídé, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Sànsíbà ni. Má bínú, Tìmí."

"Oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, Grẹ̀nédà. Ìjì wọn á ti sùn. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti wọnú òjò." Ó wo Jòhánù, Jòhánù sì fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà náà ló kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú àgbàdo lọ́wọ́. "Tíṣà mi, ṣé wàá fẹ́ ojo?"

"Jẹ àgbàdo rẹ tán ná," ó ní, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe àmì yẹn tí mo rò nígbà kan pé èébú ni.

Ní Sátidé kìíní oṣù kẹsàn-án ni a so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo jó títí gèlè mi fi bọ́, mo sì jó lé e lórí. Ṣàkírátù dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó fẹnu sí mi létí. "Eunice, ṣé mi ò sọ? Ó mòòkùn, ó jalè. Odindi Àràmídé ló jí gbé!" Lọ́tẹ̀ yìí, òwe rẹ̀ dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pè wá láti Sànsíbà, a sì ń rí ojú wọn nínú fóònù. Òjò ń lu páànù tiwa. Lẹ́yìn orí tiwọn, òkun tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Irun Àràmídé tutù, eyín rẹ̀ funfun. Ó ní òun ti rí ẹja tó láwọ̀ bí àdìrẹ, àti pé kànáfùrù mi kún àpò kan.

Jòhánù gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó gbé e lọ sí igun yàrá, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo na etí, àgbàyà ni mí.

"Tìmílẹ́yìn," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bíi ti ọmọdé tó fẹ́ tọrọ nǹkan, "ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ṣé ó ṣì lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?"